Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Orin Rédíò: Ẹ̀kọ́ Tí Houston Kọ́ Wa

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa ń pe rédíò. Orúkọ náà bá a mu, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá pinnu láti pààrọ̀ orin rẹ̀. Kò ní wó ògiri, kò ní kó ẹrù síta, kò sì ní pe olùgbọ́ kankan sí ìpàdé. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹni tó tan rédíò yóò kàn rí i pé orin tí òun mọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó lè pariwo títí, asọ̀rọ̀mágbèsì kò ní dá a lóhùn.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí fún ìdí méjì. Èkíní ni pé ìlú Houston tí a ń gbé ti rí oríṣiríṣi irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀, débi pé ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó lè mọ èyí tó ṣe àǹfààní yàtọ̀ sí èyí tó pa ìlú lára. Èkejì ni pé irú ìmọ̀ràn kan náà ti ń ta sí wa létí láàárín ara wa. Àwọn kan ń sọ pé kí àwọn ètò Yorùbá tí à ń gbọ́ nílùú yìí pa àpàlà, sákárà àti jùjú àtijọ́ tì, kí wọ́n máa gbé kìkì orin àwọn ọ̀dọ́ sáfẹ́fẹ́, kí àwọn ọmọ wa lè máa tẹ́tí sí wọn. Ìmọ̀ràn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n kí a tó gbà á, ó yẹ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti gbà á ṣáájú wa.

Èrò wa kò lọ́jú pọ̀. Ìyípadà fúnra rẹ̀ kò burú. Èyí tó burú ni ìyípadà tí kò bi ara rẹ̀ léèrè pé: ta ni ó wà lóde tí kò ní ilé, ibo sì ni ẹni tí a lé jáde yóò wọ̀?

Bí rédíò ṣe ń jẹun

Rédíò Amẹ́ríkà pín sí oríṣi méjì pàtàkì. Ọ̀kan ni ti àwọn oníṣòwò, tó ń fi owó ìpolówó ọjà jẹun. Èkejì ni èyí tí kì í wá èrè, tí yunifásítì, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ aráàlú ń ṣe, tó ń gbójú lé owó tí àwọn olùgbọ́ bá dá. Àwọn méjèèjì ló ń ka olùgbọ́. Olùpolówó fẹ́ mọ iye etí tó ń gbọ́ ọ, ẹni tó dá owó náà sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó òun ń ṣe nǹkan.

Ní 2007, Houston wà lára àwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ Arbitron ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan rọ́pò ìwé tí àwọn ènìyàn ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sí. Wọ́n ń fún ìwọ̀nba ènìyàn tí wọ́n ṣà jọ ní ẹ̀rọ náà kí wọ́n máa gbé e kiri. Ẹ̀rọ ni yóò dá rédíò tó ń dún nítòsí wọn mọ̀. Nielsen ra Arbitron ní 2013, iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ.

Ẹ̀rọ yìí wúlò, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ojú rẹ̀ kò tó. Ó mọ̀ pé rédíò ń dún. Kò mọ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹni tó jókòó sí ilé onígbàjámọ̀, tó ń gbọ́ ohun tí onígbàjámọ̀ tàn, àti ẹni tó jí láàárọ̀ kùtù kó lè gbọ́ ètò kan ṣoṣo, ọgbọọgba ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò tí olùgbọ́ rẹ̀ kò pọ̀ lè má hàn rárá nínú ìṣirò, nítorí pé àwọn tó gbé ẹ̀rọ dání kéré púpọ̀ sí iye ènìyàn tó wà nílùú. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

101.1: ìpààrọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀

A ó kọ́kọ́ sọ èyí tó dára, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀tá ohun tuntun ni wá. Láti 1970 ni KLOL ti ń gbé orin rọ́ọ̀kì jáde lórí 101.1 FM. Ìlú mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ní oṣù kọkànlá 2004, Clear Channel tó ni ín nígbà náà pa orin rọ́ọ̀kì tì, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di Mega 101, tó ń gbé reggaeton àti hip-hop elédè Sípáníìṣì sáfẹ́fẹ́. Inú bí àwọn olùgbọ́ KLOL gidigidi. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan. Síbẹ̀ Mega dúró, ó sì ju ọdún mẹ́wàá lọ dáadáa tó fi wà lórí ìkànnì yẹn.

Kí ló mú un dúró? Lójú tiwa, nǹkan méjì ni. Èkíní, ètò ìkànìyàn 2000 fi hàn pé àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè elédè Sípáníìṣì mìíràn wá ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Houston lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń sọ Sípáníìṣì nílé, ṣùgbọ́n rédíò tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n ti wà nínú ìlú; ilé ni wọn kò ní. Mega kò dá olùgbọ́ sílẹ̀, ńṣe ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ti ń dúró lóde.

Èkejì, àwọn tí wọ́n lé jáde kò sùn sí ìta gbangba. Clear Channel kan náà ló ni 93.7 àti 94.5 lásìkò náà, oríṣi rọ́ọ̀kì kan tàbí òmíràn ni àwọn méjèèjì sì ń gbé jáde. A kò sọ pé ohun kan náà ni wọ́n pẹ̀lú KLOL, nítorí ẹni tó mọ adùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ kò ní ṣi tẹlòmíràn mú fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀kùn kan tì mọ́ rí ilẹ̀kùn mìíràn ní àdúgbò kan náà. Owó olówó rédíò náà kò sì kúrò lápò rẹ̀ pátápátá, torí àpò òsì ló bọ́ sí nígbà tó kúrò ní àpò ọ̀tún.

92.1: ilé tí àlejò rẹ̀ kò gbó

Ìkànnì kejì ni 92.1. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni rédíò oníṣòwò kan tí ń jẹ́ KRTS ti wà níbẹ̀, tó ń gbé orin àwọn àgbà akọrin Yúróòpù jáde, irú ti Bach, Mozart àti Beethoven. Ní 2004, Radio One, ilé iṣẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ra ìkànnì náà ní mílíọ̀nù 72.5 dọ́là. Orúkọ rẹ̀ di KROI.

Ẹ bá wa ka ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́kọ́ gbé orin elédè Sípáníìṣì síbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi orin ìhìnrere sí i. Ní oṣù kọkànlá 2011, wọ́n yọ orin ìhìnrere, ibẹ̀ di rédíò ìròyìn tí wọ́n pè ní News 92. Ní oṣù kẹwàá 2014, wọ́n pa ìròyìn tì, òṣìṣẹ́ tó lé ní 40 sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Fún ọjọ́ mélòó kan, kìkì orin Beyoncé, ọmọ bíbí Houston, ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ kí gbogbo ayé lè bojú wo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde Boom 92, rédíò hip-hop àtijọ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2017, wọ́n pa Boom náà tì, ó di Radio Now, tó ń gbé orin tó bá ń lọ lọ́wọ́. Láàárín 2004 sí 2017, ètò márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti gorí ìtẹ́ kan ṣoṣo yìí lẹ́yìn tí KRTS lọ.

Kò sí èyí tí a kò rí ìdí fún nínú wọn bí a bá dá a wò. Ẹni tó fi mílíọ̀nù 72.5 dọ́là ra ìkànnì kò lè jókòó tẹtẹrẹ. Owó náà ń béèrè èrè lójoojúmọ́. Nígbà tí Boom 92 bẹ̀rẹ̀, iye olùgbọ́ rẹ̀ fò sókè lójijì, débi pé Radio One gbé irú rẹ̀ lọ sí Philadelphia, Dallas àti Atlanta láìpẹ́. Ẹni tó bá wo ìṣirò oṣù yẹn nìkan yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá dún àdúnjù, fífàya ló kàn. Ìyàlẹ́nu ló kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí Boom: ayọ̀ pé orin ìgbà èwe wọn tún ń dún lójú ọ̀nà. Ayọ̀ ìpàdé kì í ṣe ìgbéyàwó. Orin ìgbà èwe ènìyàn níye. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ yóò gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn ọdún méjì àti díẹ̀, wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní Houston níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn olórin ìhìnrere tí wọ́n lé ní 2011. Nínú gbogbo olùgbọ́ rédíò, ta ló ń dúró bí onígbàgbọ́ tó ń fi orin ìyìn bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀? Irú wọn ni wọ́n fi sílẹ̀, tí wọ́n lọ ń du ìròyìn mọ́ KTRH 740 AM, tó ti ń ṣe é tipẹ́, àti mọ́ KUHF ti Yunifásítì Houston, tí òun náà sọ ara rẹ̀ di kìkì ìròyìn àti ọ̀rọ̀ sísọ lọ́dún 2011 yẹn kan náà. Wọ́n fi ọjà tí wọ́n dá nìkan ń tà sílẹ̀, wọ́n wọ ọjà tí àwọn àgbà oníṣòwò ti kún.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń pààrọ̀ orin kì í rò. Ẹni tí ẹ lé ní 2011 kò ní mọ̀ ní 2014 pé ẹ ti tún yí padà, nítorí pé kò tẹ bọ́tìnì náà mọ́. Orí ìkànnì tí kò gbọ́ mọ́ lẹ ti ń kéde fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, ìpààrọ̀ kejì máa ń wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ti ẹ̀kẹta sì máa ń wọ́n ju ti èkejì lọ. Ìlú á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé yín.

91.7: ìtàn tó dùn wá jù

Ìtàn ìkẹta kò ní oníṣòwò nínú rárá. Yunifásítì méjì ló ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó kọ́ àwa tí a fẹ́ràn ìwé lọ́gbọ́n.

Ní 1967 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Rice bẹ̀rẹ̀ rédíò kékeré kan nínú ilé gbígbé wọn. Ní 1971 ó bọ́ sórí FM, nígbà tó sì di 1991, agbára rẹ̀ ti di wáàtì 50,000 lórí 91.7. KTRU lorúkọ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn aráàlú tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe é. Orin tí rédíò mìíràn kò jẹ́ fọwọ́ kàn ni wọ́n ń gbé jáde: ti àwọn ẹgbẹ́ akọrin Houston tí kò tíì lórúkọ, jáàsì líle, orin ilẹ̀ òkèèrè, àti ariwo lásán nígbà mìíràn. Etí gbogbo ènìyàn kò lè gbà á, wọn kò sì sọ pé ó gbà á.

Ní oṣù kẹjọ 2010 ni ìlú gbọ́ pé Yunifásítì Rice ti fẹ́ ta ìwé àṣẹ, ìkànnì àti òpó rẹ̀ fún Yunifásítì Houston ní mílíọ̀nù 9.5 dọ́là. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ jìnnà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ọ. Ààrẹ Yunifásítì Rice, David Leebron, ṣàlàyé pé àwọn tó ń gbọ́ KTRU kéré débi pé wọn kò hàn nínú ìṣirò Arbitron, àti pé ọ̀pọ̀ ti lè máa gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n kọ̀wé sí FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún rédíò ní ìwé àṣẹ. Ní oṣù kẹrin 2011, FCC fọwọ́ sí títà náà, KTRU sì kúrò lórí 91.7.

Kí ni Yunifásítì Houston fẹ́ fi ṣe? Láti 1950 ni wọ́n ti ní KUHF lórí 88.7. Ìròyìn àti orin àwọn àgbà akọrin Yúróòpù ló ń pín ọjọ́ níbẹ̀, ìyẹn láwọn wákàtí kan, èyí láwọn wákàtí mìíràn. Ní oṣù karùn-ún 2011 wọ́n tú àwọn méjèèjì ká. Ìròyìn jókòó sórí 88.7, orin kó lọ sí 91.7, tó wá ń jẹ́ KUHA. Lójú ìwé, ohun tó mọ́gbọ́n dání ni: olóhun gba ohun rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní máa dúró de ẹnìkejì mọ́.

Ní oṣù kẹjọ 2015, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Yunifásítì Houston kéde pé òun yóò ta KUHA. Ní 2016 ni àjọ onígbàgbọ́ tó ni rédíò KSBJ rà á ní mílíọ̀nù 10 dọ́là, wọ́n sì sọ ọ́ di NGEN, rédíò orin onígbàgbọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tó ya wá lẹ́nu ni pé àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ta ilé yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò yìí bí oníṣirò. Wọ́n rà á ní 9.5, wọ́n tà á ní 10. Ẹni tó bá fi iye rírà wé iye títà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lé lórí. Ṣùgbọ́n ìlú Houston ńkọ́? Ṣáájú 2011, ó ní rédíò akẹ́kọ̀ọ́ oníwáàtì 50,000, ó sì ní orin Beethoven lórí FM. Nígbà tó di ìparí 2016, kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́ bó ṣe ní wọn tẹ́lẹ̀. Kò sí ìlà kan nínú ìwé ẹnikẹ́ni tí àdánù yẹn wà. Gbogbo oníṣirò mọ̀ pé iyì tí òǹtajà ní lójú oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ta ilé ìtajà náà. Iyì tí rédíò ní lójú olùgbọ́ rẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́jọ́ títà gan-an ló ń pòórá. Ẹni tó ra 91.7 ra òpó àti ìwé àṣẹ. Kò ra ìfẹ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ló pa KUHA? A mọ̀ pé gbígbọ́ bùkátà ilé méjì kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n lérò tiwa, ìtúká yẹn gan-an ni ọ̀bẹ tó gún un. Nígbà tí ìròyìn àti orin jọ ń gbé, wọ́n ń bọ́ ara wọn. Ẹni tó wá gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ lè dúró gbọ́ orin lọ́sàn-án. Owó tó bá sì dá, ilé kan náà ló ń wọ̀. Tọkọtaya tó ń fi owó kan ṣoṣo gbọ́ bùkátà lè máa jà lórí ohun tí wọn yóò gbọ́ lálẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá túká, owó ilé á di méjì lọ́jọ́ kan náà. Ìròyìn rí tirẹ̀ san. Orin kò rí i.

Ní oṣù kẹwàá 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Rice tún padà sórí FM, lórí 96.1. Agbára tí òfin gba irú rédíò kékeré bẹ́ẹ̀ láyè kò ju wáàtì 100 lọ. Láti 50,000 sí 100. Inú wa dùn pé wọ́n padà. Ẹ kàn ṣírò iye àdúgbò tí ohùn wọn kò dé mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń lé wọn lọ

Ohun kan wà tó so àwọn ìtàn yìí pọ̀. Nígbà tí wọ́n lé orin ìhìnrere kúrò lórí 92.1, wọ́n ní kó lọ sórí ìkànnì dígítà tí wọ́n ń pè ní HD2. Nígbà tí wọ́n lé KTRU, orí HD2 ti KPFT 90.1 ló lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta KUHA, wọ́n ní orin rẹ̀ yóò wà lórí HD2 ti 88.7 àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ kan náà: a kò lé yín, yàrá la pààrọ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n rédíò tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti ilé ìdáná lásìkò náà kò lè mú HD2. Ó di dandan kí ènìyàn ra ẹ̀rọ mìíràn. Ẹni tó ṣeé ṣe kó má ní i jù ni àgbàlagbà, aláìní, àti ẹni tó ń wakọ̀ àtijọ́. Bí a bá ní kí bàbá àgbà kó lọ sí yàrá òkè nígbà tí a mọ̀ pé kò lè gun àkàsọ̀, a ti lé e nílé, bó ti wù kí ẹnu wa dùn tó.

Bí àwọn baba wa ṣe pààrọ̀ orin

Kí ẹnikẹ́ni má wí fún wa pé ohun tí kò bá yí padà ni Yorùbá ń fẹ́. Orin wa ti yí padà ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nígbà tí I. K. Dairo mú àkọ́díọ̀nù wọnú jùjú, kò lé gángan jáde. Nígbà tí Sunny Adé mú jìtá onírin tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù wá láti inú orin àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà, gángan ṣì ń fọhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí sí sààrì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti yọ fújì, àwọn tó sì mọ wéré ló kọ́kọ́ jó o. Fífi kún ni wọ́n ṣe. Ẹni tó wà lórí ìjókòó tẹ́lẹ̀ kò dìde. Àga tuntun ni wọ́n gbé wá.

Lórí rédíò náà, a ní àpẹẹrẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò sọ Radio Lagos 107.5, tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀, di ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó fẹ́ bá àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀. Eko FM 89.75 ló wà fún ìyẹn lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹ sì jẹ́ ká mẹ́nu ba Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá tó fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin fún ẹgbẹ́ olórin ńlá ti òyìnbó, tó sì jẹ́ olórí ẹ̀ka orin nílé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà láwọn ọdún 1950. Ní Kánádà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ Clyde Gilmour ṣe ètò orin lórí rédíò CBC láti 1956 sí 1997. Orin tó fi ń dá ètò náà mọ̀ ni Akinla, láti inú African Suite ti Ṣówándé. Nínú ètò yẹn, ó ń gbé ọ́pẹ́rà, jáàsì, àwàdà, ohunkóhun tó bá wù ú jáde. Olùgbọ́ kì í mọ ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ Akinla, wọ́n mọ̀ pé ilé ni àwọn wà. Ọdún mọ́kànlélógójì ni ètò náà fi wà. Ẹni tó bá mú okùn kan ṣoṣo dúró lè yí gbogbo ìyókù padà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọnù.

Ọ̀rọ̀ tiwa

Wàyí o, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn ètò Yorùbá nílùú yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè méjèèjì yẹn wọ̀n ọ́n. Ta ló wà lóde tí kò ní ilé? Ṣé àwọn ọmọ wa ni? Orin Wizkid àti ti Burna Boy wà lórí fóònù wọn tọ̀sán-tòru, ó wà lórí rédíò àwọn òyìnbó, ó wà níbi ìgbéyàwó. Wọn kò ṣaláìní ilé fún orin yẹn. Ibo wá ni àwọn tí a bá lé yóò wọ̀? Ìyá àgbà tó wá láti Ìjẹ̀bú wá tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Alief, tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́ láti àárọ̀ títí àwọn ará ilé yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé, ibo ni yóò ti gbọ́ Haruna Iṣọla àti Yusufu Ọlatunji bí kò bá sí wákàtí kan yẹn? A lè sọ pé kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ HD2 náà nìyẹn.

Bí a bá ṣe bí wọ́n ṣe wí, ẹ̀rù ń bà wá pé ohun tó ṣe 92.1 ni yóò ṣe wá. Àwọn àgbà yóò lọ lọ́jọ́ kìíní. Àwọn ọmọ yóò yọjú fún oṣù méjì nítorí pé ohun tuntun ni, lẹ́yìn náà wọn yóò padà sí fóònù wọn. Àwọn tó ń polówó ìrẹsì, aṣọ àti ìwé ọkọ̀ òfúrufú lórí ètò náà kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n ń tà á fún. Àwọn náà yóò sì kó owó wọn. Ohun tó tún ká wa lára ju owó lọ ni èdè. Bí àpàlà bá lọ, òwe inú rẹ̀ lọ, oríkì lọ, atọ́kùn ètò tó ń túmọ̀ wọn náà kò ní iṣẹ́ mọ́. Ìyẹn kò sí nínú ìṣirò ẹ̀rọ kankan.

Síbẹ̀, àwọn tó mú ìmọ̀ràn náà wá kò ṣàṣìṣe pé àwọn ọmọ kò gbọ́. Ètò tí kò bá ní ọmọ nínú, pẹ̀lú àwọn àgbà ni yóò wọlẹ̀. Ohun tí a dábàá ni pé kí wọ́n fi kún un. Bí wákàtí kan bá wà, kí orin àwọn ọ̀dọ́ gba ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀, kí ọmọ kan tí wọ́n bí síbí sì jẹ́ atọ́kùn rẹ̀, bí Yorùbá rẹ̀ tilẹ̀ ń kọsẹ̀. Kí ó máa bi àwọn àgbà léèrè lórí afẹ́fẹ́ ibi tí àwọn olórin tuntun ti mú ohùn tí wọ́n ń lò. Kí wọ́n dán an wò fún ọdún kan gbáko, kì í ṣe oṣù méjì. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún àwọn olùgbọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó dun àwọn ará KTRU jù ni pé ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí ni wọ́n tó gbọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ń gbọ́ àwọn ètò náà, ẹ kọ̀wé sí àwọn atọ́kùn wọn kí oṣù yìí tó parí, ẹ sọ orin tí ẹ kò fẹ́ kó lọ àti èyí tí ẹ fẹ́ kó wọlé. Asọ̀rọ̀mágbèsì kò lè gbọ́ wa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ọmọ wa ni wọ́n.